Ẹ̀rín Ìṣẹ́jú-Àáyá Mẹ́sàn-án

"Tún un tẹ̀," ni Káfíńtà wí. "Jẹ́ kí gbogbo wọn tún un gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó mú fóònù dání tún un tẹ̀, ó sì gbé e sókè kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí i. Ohùn mi ló kọ́kọ́ jáde, ohùn pẹ̀lẹ́ tí mo máa ń lò bí mo bá fẹ́ kí èèyàn gbà pé mo láàánú: "Lọ́jọ́ tí ọkọ yín kú, mà, kí lẹ ṣe?" Lẹ́yìn náà ni ojú obìnrin kan kún inú fóònù. Ó wo iwájú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Ẹ̀rín àríntàkìtì ni. Ó fi àkísà bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án gbáko. Mo mọ iye rẹ̀, torí èmi ni mo wọ̀n ọ́n.

Obìnrin kan náà ló jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn pálọ̀ yìí, kò sì sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀. Ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń dá àwọn agbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, dúró tì í, ó ń fa etí aṣọ ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹbí, ẹ ti fojú ara yín rí i," ni Káfíńtà wí. "Àbúrò mi ń bẹ nínú ilẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá ní kí n fi ilé àbúrò mi sílẹ̀ fún un?"

Ilé yàrá méjì ni wọ́n ń jà lé lórí. Bíríkìlà ni olóògbé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ilé náà, lọ́jọ́ Sunday nìkan, nígbà tí iṣẹ́ oníṣẹ́ bá dilẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń ru omi àti yanrìn fún un. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ orúkọ ìyàwó sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lójú títì, ti ń wá ibi tó máa kó pákó sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a dúró, ìyẹn àǹtí wọn tó dàgbà jù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ti wí i títí pé obìnrin tó ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ tọkàntọkàn bí èyí, kò sẹ́ni tó máa lé e jáde lójú òun láyé. Ọ̀rọ̀ yìí ni Káfíńtà fẹ́ fi ẹ̀rín náà gbà lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni mo sì fún un ní ẹ̀rín náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé kì í tán lẹ́nu ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ nǹkan kan ṣoṣo. Ẹni tó wá kọ́ ìṣirò gbọ́dọ̀ kọ́ ìtàn, ẹni tó wá kọ́ nípa kòkòrò gbọ́dọ̀ ka ewì, gbogbo wa pátá sì gbọ́dọ̀ jókòó sí kíláàsì sinimá àti ìròyìn fún ọdún kan. Wọ́n ní ó ń sọ èèyàn di ọmọlúàbí tójú rẹ̀ là. Ìwé ìléwọ́ tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sọ pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń to àwòrán, kò sẹ́ni tó lè fi àwòrán tàn án jẹ mọ́. Wọn ò sọ ohun tí ojú ẹlòmíràn máa rí lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Olùkọ́ wa ni a sọ ní Gé-e-Níbẹ̀, torí bó bá ń wo iṣẹ́ rẹ, kò ní jẹ́ kó dé ìdajì kó tó fọwọ́ lu tábìlì: "Gé e níbẹ̀!" Èèyàn burúkú kọ́. Ó máa ń yá wa ní ìwé tirẹ̀, ó sì mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó ya àwòrán olórí kíláàsì wa níbi tó ti ń yán, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ó fi àwòrán náà tẹ̀ lé ti abọ́ òfìfo, gbogbo wa ní ebi ń pa ọmọ yìí. Ó fi tẹ̀ lé ti bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó ṣófo, gbogbo wa ní ó ń ké, àwọn míì tiẹ̀ ń ṣe "pẹ̀lẹ́ o." Bẹ́ẹ̀ oorun lásán ló ń kun ọ̀gá náà! A rẹ́rìn-ín títí. Gé-e-Níbẹ̀ ní, "Ojú kan náà ni. Ibi tí ẹ bá gbé e sí ló ń sọ̀rọ̀." Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀, mo sì fi ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá wa ni fíìmù olóòótọ́ oníṣẹ́jú mẹ́wàá: kò ní òṣèré, ẹni gidi ló máa sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo mú agbálẹ̀ kíláàsì wa. Màmá Kíláàsì là ń pè é, torí ó mọ ibi tí oníkálukú ń jókòó sí. Bíírò tí a bá gbàgbé sílẹ̀, inú agolo mílíìkì kan ló ń kó wọn sí, ó sì mọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ ìdánwò tí tèmi dá iṣẹ́ sílẹ̀, òun ló sáré gbé agolo wá. "Ọmọ mi, mú èyí tó bá kọ̀wé dáadáa." Oṣù kẹta lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ fún fíìmù, ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó gbà, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọmọ mi."

"Háà, ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni mo wí.

Inú kíláàsì ni mo ti yà á, ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday, lẹ́yìn tó gbálẹ̀ tán. Mo ní kó ka ení, èjì kí n fi dán ohùn wò. Ó ka ení, ó ka èjì, bó ṣe fẹ́ ka ẹ̀ta ni ẹsẹ̀ mi kọ́ wáyà, mo ṣubú lé garawa rẹ̀, omi ọṣẹ dà lé mi láti àyà dé ẹsẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé! Màmá Kíláàsì gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra. Ó fi àkísà bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní òun ò rántí ìgbà tí òun ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bi í ní ìbéèrè mi. Wáyà tí mo kọ́ ti já íápíìsì mi, fáànù ń pariwo lókè, mo sì dúró jìnnà kí ojú rẹ̀ lè bọ́ sí àárín àwòrán. Lójú tèmi, kò dáhùn. Ó tẹ orí ba, ó dákẹ́ fún odidi ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, ètè rẹ̀ ṣáà ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó wá dìde, ó ní, "Jẹ́ kí n lọ da omi yìí nù."

Nígbà tí mo fi hàn Gé-e-Níbẹ̀, ó fọwọ́ lu tábìlì. "Ìdákẹ́jẹ́ yìí ti kú. Níbo ló ti máa dun ẹni tó ń wò ó? Gé e níbẹ̀, wá nǹkan fi sí i."

Mo wá a. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wo gbogbo ohun tí mo yà, mo sì pa ohùn ìdákẹ́jẹ́ náà nítorí ariwo fáànù. Kò sí ẹkún níbẹ̀, kò sí igbe. Ẹ̀rín nìkan ló wà. Mo gé ogójì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn kúrò, mo fa ẹ̀rín ọjọ́ omi ọṣẹ wá sẹ́yìn ìbéèrè mi, mo tún un wò, orí mi wú. Ó bọ́ síbẹ̀ géérégé. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí n díbọ́n níwájú yín bí ẹni tí kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí a wò ó ní kíláàsì, ọmọbìnrin tó wà níwájú mi ń nu ojú. Gé-e-Níbẹ̀ dìde, ó ní, "Àwọn àgbà ló ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ẹ wò ó, ó wà níbẹ̀!" Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù. Ilé-ẹ̀kọ́ gbé fíìmù náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù. Ẹnì kan gé ìbéèrè mi àti ẹ̀rín náà jáde lọ́tọ̀, bó ṣe dé ọwọ́ Káfíńtà nìyẹn. Káfíńtà ò gbọ́ òwe kankan níbẹ̀. Ẹ̀rín ló rí.

Màmá Kíláàsì wá bá mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò pariwo. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni mo fi ikú ọkọ mi rẹ́rìn-ín?"

Mo rán an létí garawa, mo rán an létí omi ọṣẹ, mo ṣàlàyé bí a ṣe ń to fíìmù. Ó ronú díẹ̀.

"O gbé e kúrò níbi tó wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ máà bínú."

"Ó dáa náà. Ìwọ ṣáà lo mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹbí ọkọ mi fẹ́ ṣèpàdé ní Saturday. Wá bá mi sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Ìyá Àgbà á gbọ́."

Mo lọ bá Gé-e-Níbẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní àwọn ti fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́, òfin ìdíje sì ní èsì ìbéèrè kan kò gbọdọ̀ wá láti ibòmíràn. Bí mo bá lọ sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n á yọ wá. Ipò igbákejì olùkọ́ tí òun ń bá mi wá ní ẹ̀ka sinimá, ó di àwátì nìyẹn. "Kò sẹ́ni tó ní kó o purọ́," ló wí. "Ohun tí wọ́n bá bi ọ́ ni kó o dáhùn."

Bí mo ṣe dé pálọ̀ Káfíńtà ní ọjọ́ Saturday nìyẹn, tèmi ti kọ̀ǹpútà mi nínú báàgì. Gbogbo ohun tí mo yà lọ́jọ́ náà wà nínú rẹ̀, láti orí ení, èjì dé orí omi tó lọ dà nù. Mo ṣì ń sọ fún ara mi pé bó bá di dandan, mo máa gbé e jáde.

Káfíńtà kọjú sí mi. "Ìwọ lo ṣe fíìmù yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ojú ìyàwó àbúrò mi nìyí, àbí ẹ wá ẹlòmíràn tó jọ ọ́?"

"Òun ni, sà."

"Ẹ̀rín yìí, ṣé òun ló rín in?"

"Òun ni, sà."

"O fi nǹkan kan kún un?"

"Mi ò fi nǹkan kan kún un, sà."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo rò pé ẹnì kan máa bi mí bóyá mo sún nǹkan, àmọ́ àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ò tíì jókòó sí kíláàsì sinimá rí, wọn ò mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà.

"Ọmọ mi," ni Màmá Kíláàsì wí láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn, "sọ èyí tó kù fún wọn."

Ìyá Àgbà gbé orí sókè. Arúgbó tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ojú rẹ̀ ò dára tó mọ́, etí ló fi ń wo èèyàn. "Ṣé ó ku nǹkan kan ni, ọmọ mi?"

Báàgì wà lórí itan mi. Mo mú síìpù rẹ̀ dání. Mo rí ère ìdíje, mo rí ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n máa kọ orúkọ mi sí ilẹ̀kùn rẹ̀, ìyá mi tí yóò máa pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Mo ní, "Bí fíìmù náà ṣe parí nìyẹn, mà."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti gbèjà obìnrin yìí títí ẹ̀yìn òun fi tẹ̀. Ó ní àṣé òun ń gbèjà ẹ̀rín ni. Ó dìde, wọ́n fà á lọ́wọ́ jáde, ìpàdé sì tú. Káfíńtà fún obìnrin náà di òpin oṣù kó fi kó jáde.

Màmá Kíláàsì kọjá lára mi. Ọmọ rẹ̀ ló wo báàgì orí itan mi, lẹ́yìn náà ló wo ojú mi. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣe mọ̀, mi ò lè sọ.

A gba ipò kìíní. Wọ́n fún mi ní ère onígíláàsì, wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire lójú ọ̀nà, èmi náà ń dáhùn, ara mi kì í sì í gbà á. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gba tèmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ra íápíìsì tuntun, mo sì ní kí n tiẹ̀ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí mo gé dànù. Mo tan ohùn rẹ̀ dé òpin.

Ìdákẹ́jẹ́ kọ́. Lábẹ́ ariwo fáànù, obìnrin náà ń dá mi lóhùn.

"Mo ń fọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ó ti ní òun máa wọ̀ ọ́ lọ́la. Wọ́n wá sọ fún mi pé ó ti kú, mo ṣì ń fọ̀ ọ́ lọ. Mo fọ̀ ọ́ tán, mo sá a."

Mo ké nínú ọ́fíìsì náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà, mo gba ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà lọ. Ó ń rẹ́ pákó lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ nínú eruku pákó, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo, mo fi íápíìsì sí i létí. Ó wo èmi tí mo ṣubú sínú omi ọṣẹ, ó wo ẹ̀rín níbi tó wà gan-an, ó gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tó gbọ́ ti aṣọ, ó wo ara rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ bíríkìlà àbúrò rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, símẹ́ńtì ti gan mọ́ etí àpò rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó yọ íápíìsì náà. "Ta ló gé ti àkọ́kọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó gé èyí, sà."

"Ìwọ lo wí bẹ́ẹ̀. Níjọ́sí náà, ìwọ lo ní bó ṣe parí nìyẹn." Ó gbé ayùn rẹ̀. "Mo ti kó pákó síbẹ̀, àǹtí. Máa lọ."

Mo gba ilé náà kọjá. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Pákó kún yàrá náà dé àjà, àmọ́ mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn wọn, ètò iṣẹ́ kíláàsì ọmọ kan, tí wọ́n fi bíírò oríṣiríṣi àwọ̀ kọ: Monday, ìṣirò, Tuesday, àwòrán yíyà. Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà náà. Ó gbọ́ ọ, ó sunkún, ó ní òun ò lè tún fi fóònù pe ẹbí jọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní orí òun ti dàrú.

Màmá Kíláàsì ṣì ń gbálẹ̀ fún wa. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ọmọ náà ti fi ilé-ìwé rẹ̀ sílẹ̀, torí ó ti jìnnà jù. Mo bẹ ìyá rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí ilẹ̀ má ba aṣọ mi jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún Gé-e-Níbẹ̀ pé mo fẹ́ dá ère padà, ó ní kí n fọkàn balẹ̀ ná, ó ní ẹ̀bi máa ń fún olórin àti oníṣẹ́ ọnà ní ojú inú. Ère náà ṣì wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù mi. Mi ò tíì dá a padà.

Lánàá, a tún fi fíìmù náà han àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́, bí ìlànà ẹ̀ka wa. Èmi ni mo ń tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rín náà dé. Olùkọ́ pa òwe rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni obìnrin náà wà báyìí?"

Gé-e-Níbẹ̀ wò mí. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, mo sì rí etí garawa kan lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti ń dúró kí ẹ̀rín náà parí.

"Ìyẹn ò sí nínú fíìmù," ni mo wí.

Wọ́n jáde. Wọ́n kọjá lára rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ fíìmù náà, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ nínú wọn. Ó wọlé, ó ṣa bíírò méjì nílẹ̀, ó jù wọ́n sínú agolo. Èmi ń kó ẹ̀rọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti pè mí ní ọmọ mi kẹ́yìn.

"Ẹ ti ṣe tán, mà?" ló bi mí.

"A ti ṣe tán, mà."

Ó gbé garawa rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ká wáyà tó nà sílẹ̀ níwájú mi, ó sì dì í mú títí mo fi kọjá.

"Ẹ rọra o, mà," ló wí. "Ẹ má tún ṣubú."